Ẹ KÚ ÀÁRÒ ỌMỌ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́, lórí ìtọ́jú ilé àti ọgbà nígbà tí ọmọ bá wà ní ìdálẹ̀

Ní oṣù yìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó ti wọ ilé púpọ̀ láàrin wa, láti Ọ̀yọ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí a sì máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ju bí a ti ń sọ ọ́ ní gbangba lọ: èyíinì ni bí òbí ti í gbé nínú ilé tí ọmọ rẹ̀ àgbà ti fi sílẹ̀ lọ sí òkè òkun. Nípa ọmọ tí ó lọ, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wa: ìwé ìrìnnà rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, owó tí ó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nípa ẹni tí ó kù sílé, kí ni àwa ń sọ? Yorùbá ní ìkíni kan fún un, a sì ń wí pé, "Ẹ kú àárò ọmọ." Ìkíni náà dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. A fẹ́ kọ́ bí ènìyàn ti í gbé ìgbé ayé rẹ̀ nínú àárò náà, láìjẹ́ kí ilé wó, láìjẹ́ kí ọgbà di igbó, àti láìjẹ́ kí òtítọ́ kú láàrin òbí àti ọmọ.

ÌYÁ KAN NÍ AKẸ̀SÁN

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan. A kì yóò fún un ní orúkọ, nítorí pé ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti irú ní Ọjà Akẹ̀sán, nítòsí ààfin Aláàfin. Ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ó ní ọgbà kékeré kan: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ilá, ata wẹ́wẹ́, igi ewúro kan lẹ́bàá ògiri, àti ogún ebè iṣu ní ìsàlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó máa ń fi oríkì pè ní Àjàní, gbéra lọ sí Kánádà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ilé kún fún àwọn tí ń bá a yọ̀. Ní oṣù kejì, ẹsẹ̀ àlejò dá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí ilẹ̀ sì rọ̀, ó mú ọkọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé, "Fún ta ni n ó gbìn ín?" Ó gbé ọkọ́ náà padà sí ìdí ògiri.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ọmọ pè é lórí tẹlifóònù.

"Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ilá ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?"

"Ó wà, Àjàní, ọmọ mi. Ó ti ń so. Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ dáradára, ìyá mi."

Kò sí ilá kankan ní ẹ̀yìnkùlé náà. Ní ti ọmọ, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń wá iṣẹ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ara wọn lójú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì tán, olúkúlùkù padà sínú ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀.

Kí a má ṣe yára dá wọn lẹ́bi. Ìfẹ́ ni ó mú kí ìyá fi àìlera ọkàn rẹ̀ pamọ́, ìfẹ́ náà ni ó sì mú kí ọmọ fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó mú oúnjẹ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì mú òtítọ́ kúrò lẹ́nu. Méjèèjì ni a ó tọ́jú padà nínú ẹ̀kọ́ yìí, àní láti orí ìbéèrè tí ìyá náà bi ara rẹ̀: Fún ta ni?

ÀJÒ KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀

Bí a bá rò pé ìran tiwa yìí ni ó kọ́kọ́ mọ àárò ọmọ, a ṣì í. Ní ìdajì kìíní ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ni ó lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí ó gba òmìnira ní ọdún 1957 tí ó sì ń jẹ́ Gánà. Wọ́n ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ ní Kumasi, ní Tamale, ní Yendi, àti ní àwọn ìlú kéékèèké ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Òmíràn mú ìyàwó lọ, òmíràn bí ọmọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti wọlé, ilé ni wọ́n ń rò. Àwọn púpọ̀ sì fi èrè wọn kọ́ ilé sí ìlú baba wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá fi ìsọ̀ àti gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù, wọ́n sì wọkọ̀ padà. Níbo ni wọ́n padà sí? Ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí bí àgbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti kọ́ iyàrá kan. Iṣu a máa gbé oṣù méje sí mẹ́wàá nínú ebè kí ó tó gbó. Ẹni tí ó bá sì dé ní oṣù kejìlá, òjò ti lọ, ilẹ̀ ti le. Kò lè gbin nǹkan kan tí yóò jẹ títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ fún un láti jẹ ni ohun tí ẹlòmíràn ti gbìn sílẹ̀ nígbà tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Nítorínáà, nígbà tí ìyá wa bá bi ara rẹ̀ pé fún ta ni òun ó gbìn ín, ìdáhùn kan nìyí: fún ẹni tí kò sọ fún ọ pé òun ń bọ̀. Àwọn baba wa mọ èyí, tí wọ́n fi wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ilé tí kò sí ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀, ta ni yóò sinmi níbẹ̀?

ÌYÁ ÀJÀYÍ

Ìtàn kejì dàgbà ju ti Gánà lọ, ó sì korò jù ú lọ. Ní ọdún 1821, àwọn ológun kó ìlú Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lẹ́rú. Ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí a kó. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú. Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì gbé e lọ sí Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Òun ni a wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Kì í ṣe ọmọ náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí bí kò ṣe ìyá rẹ̀, Àfàlá. Kò sí lẹ́tà tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun pàápàá fi ojú winá oko ẹrú. Ìlú tí ó bí ọmọ sí ti parun, ogun sì ń jà ní gbogbo àyíká. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, nígbà tí ọmọ náà ti dé Abẹ́òkúta, ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì ń jẹ́ Hannah. Ó gbé ayé títí di ọdún 1883.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìrìn àjò òde òní wé èyí bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àjàyí kò yan láti lọ. Ipá ni a fi mú un. Àwọn ọmọ wa yan láti lọ, àwa sì ni a bá wọn san owó ọkọ̀. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún òbí. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, Àfàlá kò lè ṣe ohunkóhun nípa òkun. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ kan, oúnjẹ ọjọ́ náà, àti àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Àjàyí dé, àárín ẹbí ni ó ti bá ìyá rẹ̀, níbi tí ó ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù gbé ní ìletò kan nítòsí Abẹ́òkúta. Ìyá tí ó wà láàyè ni ọmọ lè padà wá bá. Ìdáhùn kejì nìyí sí ìbéèrè wa. Fún ta ni? Fún ìwọ fúnra rẹ, kí o lè wà láàyè, kí ara rẹ sì le, ní ọjọ́ tí a ó kan ilẹ̀kùn.

ÀKỌSÍLẸ̀ TÍ Ó KÙ SÍLÉ

Ìtàn kẹta ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ yìí gan-an. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899 a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Ó lọ, kò bọ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfojú rí i mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti àwọn tákàdá tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí kù sílé. Àwọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó jọ, tí ó fi tún ìwé náà kọ. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ogun àgbáyé kìíní ń jà. Àwọn Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ó gbé e, wọ́n sì darí ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ìkẹyìn, ní ọdún 1921, ìwé náà jáde.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé náà. Àwọn díẹ̀ ni ó ń rántí àpótí tákàdá tí ó wà nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí kò bá sí àpótí náà, àwa ì bá má ní ìwé náà lónìí. Àgbẹ̀ mọ èyí láìjẹ́ pé a kọ́ ọ: a kì í kó gbogbo irúgbìn lọ sí oko lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ó lọ lè ṣègbé lọ́nà. Ohun tí ó kù sílé ni a fi ń tún bẹ̀rẹ̀. Òbí tí ó ń tọ́jú ilé, tí ó ń tọ́jú irúgbìn, àti ìwé, àti oríkì, òun ni olùtọ́jú àpótí náà. Ìdáhùn kẹta sí "fún ta ni" nìyí: fún ọdún tí ń bọ̀.

NÍPA ỌGBÀ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí ẹ̀kọ́ tí kò bá dé ìdí ọkọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Èkíní, kí olúkúlùkù ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé. Nígbà tí ọmọ wà nílé, òun ni ó ń kọ ebè. Nísisìyí tí ó ti lọ, kí ìyá tí ó ti dàgbà má ṣe ronú ogún ebè. Ebè márùn-ún tó. Ìyókù ilẹ̀ náà, kí ó yá aládùúgbò tí kò ní ilẹ̀, ní àdéhùn pé yóò máa ro ó. Ilẹ̀ tí ẹnìkan ń ro kì í di ibùgbé ejò. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kí ó wá àpò ìrẹsì tí ó ti gbó, kí ó kó ilẹ̀ àti ajílẹ̀ sínú rẹ̀, kí ó gbé e sí ẹ̀bá ilé ìdáná. Ilá àti ata yóò so nínú rẹ̀ dáradára.

Èkejì, kí a mọ ìgbà. Láti oṣù kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ni a ń fọ́n ewédú. Èèpo irúgbìn ewédú le, kì í sì í tètè hù. Nítorínáà àwọn ìyá wa a máa di í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a tẹ̀ ẹ́ bọ omi gbígbóná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀n tí ènìyàn fi lè ka ení dé ẹẹ́wàá, wọn a sì yọ ọ́ kíá. Lẹ́yìn náà a ó tẹ́ ẹ kí ó gbẹ, a ó pò ó mọ́ iyanrìn kí ó má bàa hù ṣù, a ó sì fọ́n ọn. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ó tó já. Kí a má ṣe fà á tu. Kí a gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀, yóò sì tún rú. Tẹ̀tẹ̀ yá jù ú lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni tirẹ̀.

Ilá a máa gba nǹkan bí oṣù méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Láti ìgbà náà lọ kò dúró de ẹnikẹ́ni: ní ọjọ́ mejì-mejì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta ni a gbọdọ̀ wò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kó. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ilá ń mú ènìyàn jáde sí ẹ̀yìnkùlé, bóyá ó wù ú tàbí kò wù ú. Ẹni tí ó bá ní ilá láti já ní ọ̀la ti ní ìdí láti jí. Kí a sì fi èyí tí ó dára jùlọ nínú wọn, méjì tàbí mẹ́ta, sílẹ̀ kí ó kó, kí ó gbẹ lórí igi, fún irúgbìn. Ilá tí ó kó kò wúlò fún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ilá ọdún tí ń bọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀, kí a ro ọgbà, kí a sì tún ilẹ̀ ṣe de òjò ìkẹyìn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ní oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, ìgbà ẹ̀lùbọ́ ni. A ó bó iṣu, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láìjẹ́ kí ó jinná, a ó fi í sínú omi náà di ọjọ́ kejì, a ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi le bí igi. Atẹ́gùn ọyẹ́ tí ń fọ́ wa létè, òun náà ni ó ń bá wa gbẹ iṣu.

NÍPA ILÉ

Ilé pẹ̀lú ní ìgbà tirẹ̀. Kí a yẹ òrùlé wò kí òjò tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jò. Kí a gbá ewé kúrò nínú ọ̀ṣọ̀rọ̀. Kí kànga ní ìdérí. Kí kọ́kọ́rọ́ ilé wà ní ọwọ́ ẹni méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ aládùúgbò, nítorí pé àgbàlagbà tí ó ń dá gbé lè ṣubú ní òru, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì mọ́ ọn.

Ní ti owó tí ọmọ fi ránṣẹ́, kí a ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kí a kọ ọjọ́ tí owó dé, iye rẹ̀, àti ohun tí a fi ṣe. Bí ó bá ní kí a fi kọ́lé, kí a kọ iye búlọ́ọ̀kù àti àpò sìmẹ́ńtì, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Òbí lè wí pé, "Ọmọ mi ni, kí ni mo ń ṣírò fún?" A kò wí pé kí o ṣírò nítorí ìfura, a wí pé kí o ṣírò kí ìfura má bàa rí àyè wọlé. Ìjà ẹbí púpọ̀ ti orí owó ilé wá, nígbà tí ẹni tí ó rán owó kò rí ilé, tí ẹni tí ó gbà á kò sì rántí ibi tí ó gbà lọ.

Kí ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí, àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ má ṣe wà ní ibì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ará Akẹ̀sán, a kò níláti rán yín létí ohun tí iná lè ṣe. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2020, iná jó ọ̀pọ̀ ìsọ̀ nínú ọjà náà, ọjà rẹpẹtẹ sì ṣòfò. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà náà kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tún ìwé tí ó ti di eérú kọ́. Kí ọ̀kan wà nílé, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ.

NÍPA Ọ̀RỌ̀ LÁÀRIN ÒBÍ ÀTI ỌMỌ

Láti ọdún 2001, tí tẹlifóònù alágbèéká ti tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà, ohùn ọmọ kò jìnnà mọ́. Nítorínáà ni àìpè rẹ̀ ṣe ń dun ni. Kí a kọ́kọ́ mọ aago. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, aago London àti aago Ọ̀yọ́ dọ́gba; ní ìgbà òtútù wọn, Ọ̀yọ́ fi wákàtí kan ṣíwájú. Ṣùgbọ́n Toronto ní Kánádà wà lẹ́yìn wa ní wákàtí márùn-ún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti mẹ́fà ní ìgbà òtútù. Nígbà tí ìyá bá jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ tí ó pe ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ni ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí kò bá gbé e, kò túmọ̀ sí pé ó ti gbàgbé ìyá. Kí wọ́n jọ yan ọjọ́ kan àti wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì pa á mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí òbí àti ọmọ bá ara wọn dá májẹ̀mú òtítọ́. Kí òbí má ṣe fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi di ohun tí ẹlòmíràn yóò pe ọmọ sọ. Kí ọmọ náà lè sọ pé òun kò tíì rí iṣẹ́, láìbẹ̀rù pé ìyá yóò sọkún tàbí pé gbogbo ọjà yóò gbọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níhìn-ín ni ọgbà tún ti wúlò, nítorí pé ó ń fún àwọn méjèèjì ní ohun òtítọ́ kékeré láti fi bẹ̀rẹ̀. "Ewúrẹ́ jẹ ewédú mi ní àná" jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó bá lè sọ òtítọ́ nípa ewúrẹ́, yóò rọrùn fún un láti sọ òtítọ́ nípa orúnkún rẹ̀ tí ń dùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran àti wàrà nínú ẹrù ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá, ewébẹ̀ tútù sì níláti ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn. Ní ọdún 2015 àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí ó para pọ̀ fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Kí èyí kọ́ àwa tí a kù sílé pẹ̀lú: oògùn tí wọ́n kọ̀ lọ́hùn-ún, kò yẹ kí a máa dà á sí ẹ̀wà tí àwa fúnra wa yóò jẹ.

NÍPA ÀWỌN ỌMỌ TÍ A FI SÍLẸ̀

Ẹ̀yin olùkọ́, apá yìí jẹ́ tiyín. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún kan náà, òfin náà kan àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nígbà náà. Ẹni tí ó bá lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ìyá àgbà ni ó sì sábà máa ń fi í sí. Ẹ óò mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Bàtà rẹ̀ lè dára ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ máa wo fèrèsé. Ẹ má ṣe pè é ní ọmọ olówó, ẹ má sì ṣe kẹ́gbẹ́ yín jẹ nítorí rẹ̀. Ẹ fún un ní ebè kan nínú oko ilé ìwé, kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ nípa ohun tí ó hù níbẹ̀. Ọmọ tí a bá fi nǹkan ṣọ́ yóò mọ̀ pé òun náà ń tọ́jú ilé de ẹni tí ó lọ.

ÌPARÍ

Kí ni ti ìyá wa ní Akẹ̀sán? Ẹ jẹ́ kí a parí àwòrán náà bí a ti fẹ́ kí ó rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi mìíràn ọmọ tún pè, ó sì tún béèrè ilá. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Àjàní, mo purọ́ fún ọ. N kò gbin nǹkan kan. Láti ìgbà tí o ti lọ, apá mi kò gbé ọkọ́." Ọmọ náà pẹ̀lú dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó wí pé, "Ìyá mi, èmi náà purọ́ fún yín. N kò tíì rí iṣẹ́." Kò sí ẹni tí ó bú ẹnìkejì. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́ ní ọjọ́ náà ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mú ọkọ́ ní ìdí ògiri. Ìgbà ti lọ fún iṣu, ṣùgbọ́n ìgbà kò tíì lọ fún ilá.

Kí Ọlọ́run kí ó mú àwọn ọmọ wa lọ, kí ó sì mú wọn bọ̀. Kí wọ́n sì bá wa láàyè, nínú ilé tí a gbá, lẹ́bàá ọgbà tí a ro. Ẹ kú àárò ọmọ o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́ ÀTI ẸGBẸ́ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ìdáhùn mẹ́ta wo ni ẹ̀kọ́ yìí fi fún ìbéèrè náà, "Fún ta ni n ó gbìn ín?" Èwo nínú wọn ni ó bá ilé rẹ mu jùlọ?

2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrìn àjò Àjàyí ní ọdún 1821 àti ti àwọn ọmọ òde òní? Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó kan òbí nínú méjèèjì?

3. Èéṣe tí ẹni tí ó ti Gánà dé ní òpin ọdún 1969 kò fi lè jẹ ohun tí òun tìkára rẹ̀ gbìn?

4. Kí ni ó wà nínú "àpótí" ilé tirẹ tí kò ní ẹ̀dà? Ta ni ó mọ ibi tí ó wà?

5. Òtítọ́ kan wo ni o ti ń fi pamọ́ fún ọmọ rẹ, tàbí fún òbí rẹ, nítorí ìfẹ́? Má ṣe dáhùn èyí nínú ẹgbẹ́. Lọ dáhùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù.